Aláàárẹ̀ Lójú Ọ̀nà Niamey

Niamey ni olú-ìlú tí Odò Ọya fi ẹsẹ̀ kàn kẹ́yìn kí ó tó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti nǹkan bí ọdún 1970 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà ṣì ṣí sílẹ̀ fún arìnrìn-àjò afẹ́, ibẹ̀ jẹ́ ibi ìsinmi pàtàkì fún àwọn òyìnbó tí wọ́n máa ń kó ara wọn jọ, bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo, tí wọ́n ń ti ilẹ̀ Algeria la iyanrìn kọjá títí wọn yóò fi dé ilẹ̀ Hausa. Àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú rí ní Niamey kò pọ̀ jù. Mùsíọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní ìparí ọdún 1959, tí Boubou Hama jẹ́ baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú ọgbà kan náà ni egungun àwọn ẹranko ayé àtijọ́, àwọn ẹranko ìgbẹ́ tí ó wà láàyè, àti àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà pẹ̀lú àwọn ahunṣọ jọ ń gbé. Igi Ténéré náà wà níbẹ̀, igi kan ṣoṣo tí ó dá dúró ní agbedeméjì aṣálẹ̀ títí tí awakọ̀ akẹ́rù kan fi kọlù ú ní ọdún 1973, tí wọ́n sì kó ìyókù rẹ̀ wá sí olú-ìlú. Afárá Kennedy tí wọ́n ṣí ní 1970 wà, Ọjà Kékeré wà, ọkọ̀ ojú omi wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo erinmi, àwọn àgùnfọn sì wà ní Kouré, ìrìn bíi 60 kìlómítà sí ìlú.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá pàdé ní Niamey kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ibùsùn aláàárẹ̀ ni. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko láti Tamanrasset dé Gao, tí ó ti ọkọ̀ nínú iyanrìn, tí ó sùn sórí ilẹ̀ gbalasa láìkọ́ àgọ́, yóò dé Niamey, yóò wẹ̀, yóò jókòó sí abẹ́ igi nínú ọgbà mùsíọ́ọ̀mù, ìgbà náà ni òtútù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú un nínú oòrùn tí ó lè gbóná ju ìwọ̀n 40 lọ. Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà lóréfèé yóò ní Niamey ni ó kó àìsàn ràn án. Bí ó ti wù kí ó dà bí òótọ́ tó, ìṣirò ọjọ́ kò gbà á bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀fọn tí ó ní kòkòrò ibà nínú bá jẹ ènìyàn, kòkòrò náà kì í fi ara hàn lójú ẹsẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sá sí, yóò máa bí sí i níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹ ni sí ìgbà tí ara yóò gbóná sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, ó sì lè pé oṣù kan. Gao sí Niamey kò ju nǹkan bí 450 kìlómítà lọ, ọkọ̀ akẹ́rù a sì máa rìn ín ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí ó wọ Niamey kò lè kó o ní Niamey. Etí odò ní Mopti ni ó ti kó o, tàbí ní Timbuktu, tàbí ní abúlé kan tí kò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìlú tí ó ní ilé ìwòsàn àti pápá ọkọ̀ òfuurufú ni àwọn èrò máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni àyè ti ń gba ara láti wó lulẹ̀, ibẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Ìtàn ìrìn-àjò ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kún fún irú ẹ̀sùn báyìí, tí wọ́n fi kan ibi tí kò jẹ̀bi.

Èdè pàápàá ti kópa nínú ẹ̀sùn náà. Àwọn ará Itali pe ibà ní afẹ́fẹ́ burúkú, ọ̀rọ̀ yẹn ni ó sì di malaria káàkiri ayé. Yorùbá kò di ẹ̀bi ru afẹ́fẹ́. Oòrùn ni wọ́n mú. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni yóò sọ pé oòrùn tí òun rìn ní àná ni ó di ibà sí òun lára. Àwọn òyìnbó amúnisìn náà bẹ̀rù oòrùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í bọ́ àkẹtẹ̀ líle kúrò lórí lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ wọn a jókòó síta nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú apá àti ẹsẹ̀ ní ìhòòhò fún ẹ̀fọn. Ìgbàgbọ́ méjèèjì jọ ní àbùkù kan náà: wọ́n ń wá ohun tí ó fa àìsàn ní ọjọ́ tí àìsàn dé, ní ibi tí ó ti dé.

Òyìnbó àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó kọjá ní ibi tí Niamey wà lónìí kò dúró níbẹ̀. Mungo Park ni. Ó gbéra láti etí odò Gambia ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1805 pẹ̀lú ọ̀wọ́ òyìnbó tí ó lé ní 40, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ogun. Oṣù tí ó yàn burú jáì, nítorí òjò kò ní í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Park kò lè dúró de aláàárẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ó bá dúró, àwọn mìíràn yóò tún ṣàìsàn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ń fi àwọn tí kò lè rìn sílẹ̀ ní abúlé tí wọ́n bá dé, ó ń fún onílé ní ìlẹ̀kẹ̀ fún oúnjẹ àti ìtọ́jú wọn, àwọn ìyókù sì ń tẹ̀ síwájú. Nígbà tí wọ́n fi máa fojú kan Odò Ọya ní oṣù kẹjọ, òyìnbó 11 péré ni ó ṣẹ́kù. Alexander Anderson, àna Park, kú ní oṣù kẹwàá. Àwọn márùn-ún ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Sansanding, tí wọ́n ba odò lọ kọjá Timbuktu, kọjá Gao, kọjá etídò tí ó di Niamey, títí wọ́n fi parun sínú omi ní Búsà. Ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń tẹnu mọ́ ni ikú ní Búsà yẹn, nítorí pé ìjà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí ìtàn náà pa mọ́lẹ̀ jù lọ ni àwọn tí ó kú sí ilé onílé lẹ́yìn tí ọ̀wọ́ èrò ti lọ, àti àwọn onílé tí wọ́n gba ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sì sin òkú àlejò.

Ilẹ̀ Yorùbá ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Hugh Clapperton àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1825, wọ́n sì gbéra lọ sí òkè ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá. Pearce wà nínú wọn, ọ̀gágun ojú omi. Morrison wà níbẹ̀, oníṣègùn. Richard Lander ni ìránṣẹ́ Clapperton. Pasko sì ni ògbufọ̀, ọmọ Hausa tí ó ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sùn síta lálẹ́ nígbà tí ìrìn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òru yẹn ni wọ́n sì di gbogbo ẹ̀bi rù lẹ́yìn náà. Kí Kérésìmesì tó pé, ara gbogbo wọn ti gbóná. Wọ́n dá Morrison padà sí Ìjànnà bóyá ara rẹ̀ yóò yá. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá. Ní ọjọ́ kan náà, Pearce kú níwájú, ní ìlú tí ìwé wọn pè ní Engwa. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ gúnlẹ̀ wé ọjọ́ ikú yóò rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó wà láàárín wọn, èyí tí ó bá ìṣirò ibà mu rẹ́gí. Ẹ̀fọn Àgbádárìgì àti ti ojú ọ̀sà ti lè ṣe iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Sísùn síta burú nítorí ẹ̀fọn ni, kì í ṣe nítorí ìrì. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Ìjànnà àti Engwa di ibi ikú nínú ìwé òyìnbó.

Clapperton fúnra rẹ̀ kò ní àlàáfíà ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n ó dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1826. Aláàfin dá a dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí di ọjọ́ 7 oṣù kẹta. Ìwé ìtàn sábà máa ń ka ìdádúró yìí sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, èyí sì lè jẹ́ òótọ́, nítorí pé ogun wà lójú ọ̀nà àríwá, ọba kò sì ní í fẹ́ kí àlejò òun ti ọwọ́ òun bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé ọba, pẹ̀lú oúnjẹ àti ilé tí ó ní òrùlé, ni ìsinmi gidi àkọ́kọ́ tí àwọn aláàárẹ̀ náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní etí òkun. Ohun tí arìnrìn-àjò ń pè ní ìdènà lè jẹ́ òun gan-an ni ara ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni ó pa Clapperton ní ìgbẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ Sókótó, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1827. Òun fúnra rẹ̀ ti tọ́jú ọ̀rẹ́ rẹ̀, dókítà Oudney, títí ó fi kú sí ọwọ́ rẹ̀ ní Murmur ní oṣù kìíní ọdún 1824, nígbà ìrìn-àjò ti ìṣáájú. Ní Sókótó, Lander ni ó jókòó tì í. Lander náà ń ṣàìsàn, Pasko sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí Lander bá ti lọ, kò sí ẹni tí yóò mú ìwé Clapperton padà sílé, ohun tí ayé sì mọ̀ nípa Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún díẹ̀ kí ó tó tú ì bá kéré ju bí ó ti rí lọ. Ẹni tí ó dúró ti aláàárẹ̀ ni ó gba ìtàn náà là.

Ọdún 24 lẹ́yìn èyí, àpẹẹrẹ òdìkejì ṣẹlẹ̀ ní etí ilẹ̀ Niger òde òní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán James Richardson jáde láti Tripoli ní ọdún 1850, pẹ̀lú àwọn ọmọ Jámánì méjì, Heinrich Barth àti Adolf Overweg. Wọ́n la Sàhárà kọjá pọ̀, wọ́n sì dé agbègbè Damergu ní ìhà àríwá Zinder. Níbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1851, wọ́n pínyà. Owó ti ń tán lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ rí pọ̀: Barth forí lé Katsina àti Kano, Overweg lọ sí Gobir, Richardson sì gba Zinder lọ, pẹ̀lú àdéhùn pé ní oṣù kẹrin ni wọn yóò pàdé ní Kúkáwá, olú-ìlú Borno. Ooru mú Richardson, ó rẹ̀ ẹ́, ó kú ní abúlé Ngurutuwa ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ìrìn ọjọ́ mẹ́fà péré sí Kúkáwá. Ìránṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí. Ojú ọ̀nà ni Barth ti gbọ́, ó sì yà wo ibojì náà. Ó bá a lábẹ́ igi ńlá kan, wọ́n fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí i ká, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ará abúlé mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni ó wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀. Barth fún ọkùnrin kan ní ẹ̀bùn kékeré kí ó máa tọ́jú rẹ̀.

Ó ṣòro láti sọ pé Richardson ì bá yè bí wọn kò bá pínyà. Kò sí oògùn tí Barth lè fún un tí òun fúnra rẹ̀ kò ní. Overweg ní ẹlẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ibà mú un ní etí Adágún Chad, Barth ni ó sì gbé e lọ sí Maduwari nítorí pé ó fẹ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Síbẹ̀ ó kú, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1852, ẹni 30 ọdún. Ọ̀dọ́mọdé Hausa kan tí ń jẹ́ Dorugu, tí Overweg ti tú sílẹ̀ nínú oko ẹrú, bọ́ sọ́wọ́ Barth lẹ́yìn èyí, ó bá a dé ilẹ̀ òyìnbó, ó sì sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún àlùfáà Schön ní èdè Hausa, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1885. Àwọn olùkọ́ èdè ní ìdí láti ka ìtàn yẹn sí ohun iyebíye. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ díẹ̀ tí ẹni tí ń ru ẹrù, tí ń se oúnjẹ, fi èdè ara rẹ̀ sọ nípa irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀.

Barth nìkan ni ó ṣẹ́kù nígbà tí ó dé Say, ìlú alùfáà ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí ìsàlẹ̀ Niamey òde òní. Ó sọdá odò níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1853 lọ sí Timbuktu, ó sì tún gba ibẹ̀ padà ní 1854. Ibà ń dé, ibà ń lọ, ó ń rìn. Ní ọdún 1854 kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ Pleiad gba ẹnu Odò Ọya wọlé, ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wá Barth kàn ní ọ̀nà Odò Benue. Wọn kò pàdé. Ohun tí ìrìn náà fi sílẹ̀ ju ìpàdé yẹn lọ. Baikie tí ó jẹ́ olórí jẹ́ dókítà. Ó rí i dájú pé àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ń lo kuiníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti dé. Wọ́n lo ọjọ́ 118 lórí odò, ẹnì kan kò sì kú. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà. Òun ni ẹlẹ́rìí tí ó lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù lọ, nítorí pé ó wà nínú ìrìn-àjò ọdún 1841 lórí odò kan náà, nígbà tí bíi 40 òyìnbó kú láàárín oṣù díẹ̀. Ọmọ Òṣogùn kan náà rí òpin ayé kan àti ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1855.

Kí a má ṣe rò pé wọ́n mọ ìdí tí oògùn náà fi ṣiṣẹ́. Láti 1820 ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fa kuiníìnì yọ láti ara èèpo igi. Ọdún 1880 ni Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ní Constantine ní Algeria, ilẹ̀ tí ó wà ní ìkángun kejì ọ̀nà aṣálẹ̀ yìí gan-an. Ọdún 1897 ni Ross fi hàn ní India pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé e kiri. Láti ìgbà náà ni ẹ̀bi ti yẹ kí ó kúrò lórí afẹ́fẹ́, oòrùn àti ìlú, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú kì í tètè kúrò lára ibi tí a bá ti fi sí.

Nígbà tí mọ́tò rọ́pò ràkúnmí, ìyípadà tí ó bá ọ̀rọ̀ aláàárẹ̀ kì í ṣe ti oògùn nìkan. Ẹgbẹ́ ìrìn-àjò tí ilé iṣẹ́ Citroën rán jáde láti Colomb-Béchar ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1924, pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́jọ, gba Gao àti Niamey lọ sí Zinder àti Adágún Chad. Wọ́n mú dókítà tiwọn dání, Eugène Bergonier. Ohun tí Barth fi oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ rìn, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ rìn ín. Eré sísá yìí ni ó da ìṣirò rú. Nígbà tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn, ibi tí ó ti kó àìsàn àti ibi tí ó ti dùbúlẹ̀ kì í jìnnà síra púpọ̀. Mọ́tò fa ibi méjèèjì ya, ó sì fi orílẹ̀-èdè kan tàbí méjì sí àárín wọn.

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù afẹ́ ti ọdún 1970 àti 1980 kò ní dókítà. Àpótí oògùn kan wà lábẹ́ ìjókòó, awakọ̀ ni ó sì máa ń mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń pín iṣẹ́ ìdáná láàárín ara wọn. Bí ẹnì kan tí inú rẹ̀ ń ṣú kò bá fọ ọwọ́ dáadáa kí ó tó gé ẹ̀fọ́, ìdajì ọkọ̀ ni yóò máa sá wọ igbó ní ọjọ́ kejì. Èyí kì í pa ènìyàn. Ohun tí ó le ni ìgbà tí ibà gidi bá mú ẹnì kan, tí kò lè jókòó nínú ọkọ̀ tí ń jó lórí ọ̀nà tí omi òjò ti gé. Ọkọ̀ kò lè dúró pẹ́. Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú àwọn tí ó kù ní ọjọ́ tí yóò parí, òjò ń bọ̀ lórí ọ̀nà àárín gbùngbùn Áfíríkà, owó tí wọ́n dá jọ fún oúnjẹ sì ń lọ lójoojúmọ́. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí kí wọ́n tó kúrò nílé, ni pé ẹni tí kò bá lè rìn yóò dúró, yóò sì wá ọ̀nà tirẹ̀ lé wọn bá ní Kano tàbí kí ó bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Paris.

Ìlànà Park ni èyí, àyàfi pé ìlẹ̀kẹ̀ ti di ìwé adójútòfò. Kò sì yẹ kí a dá a lẹ́bi kíákíá, nítorí pé ìdúró Park lójú òjò ì bá pa gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ pàtàkì wà ní Niamey fúnra rẹ̀. Ìlú tí Park fi ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rẹ̀ láìdúró ti di ibi tí dókítà wà, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà, tí aláàárẹ̀ lè dúró kí ó sì yè. Orúkọ Niamey nínú ọ̀rọ̀ àìsàn kò yẹ kí ó jẹ́ ibi tí òyìnbó ti ṣubú. Ibi tí wọ́n ti dìde ni.

Àìsàn mìíràn tilẹ̀ wà tí kò ní í fi ara hàn ní Niamey rárá, àfi nílé. Ní ọdún 1995, àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands kọ ìròyìn nípa àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ti Mali dé. Àwọn 29 ni wọ́n ti lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi ní ilẹ̀ Dogon. Àwọn 28 ni wọ́n kó àtọ̀sí ajá, àrùn tí ìṣáwùrú inú omi ń gbé. Ooru ni ó sún wọn wọ inú omi, omi náà sì mọ́ gaara. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ lẹ́yìn irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ara ń gbóná, tí ara ń yún ni, tí ikọ́ ń dé, nígbà tí onítọ̀hún ti padà sẹ́nu iṣẹ́, tí dókítà tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sì ronú kan Mali. Ní ẹ̀bá Odò Ọya láti Tillabéri dé Niamey, àwọn ọmọdé tí ń bá òbí wọn ṣiṣẹ́ nínú oko ìrẹsì ti ń bá àrùn yìí gbé láti ìran dé ìran, láìsí ìwé ìròyìn kankan tí yóò ka orúkọ wọn.

Bákan náà ni ti yírùnyírùn, àrùn tí ń gan ọrùn tí ó sì ń fi orí fífọ́ pa ènìyàn. Lapeyssonnie, dókítà Faransé, ni ó ya àwòrán ilẹ̀ tí àrùn náà ń gbà ní 1963, láti etí ìwọ̀-oòrùn Sàhẹ́lì dé ìlà-oòrùn, Niamey sì wà ní àárín rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń jà, nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ imú àti ọ̀nà ọ̀fun, ìgbà náà gan-an ni àkókò ìgbafẹ́. Síbẹ̀ arìnrìn-àjò kì í sábà kó o, nítorí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ó tó gbéra. Ní ọdún 1995, àwọn tí ó kó o ní orílẹ̀-èdè Niger lé ní 40,000. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó wọ Nàìjíríà, ó mú ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ, ó sì pa ju 11,000 lọ. Ìpolongo abẹ́rẹ́ MenAfriVac tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 fẹ́rẹ̀ẹ́ pa oríṣi àrùn náà tí wọ́n ń pè ní A run, ṣùgbọ́n ní 2015 oríṣi C dé sí Niger, Niamey sì wà lára ibi tí ó ti le jù: bíi 8,500 ni ó mú, ó pa 573. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù Niamey nítorí àìsàn, ó yẹ kí ó béèrè ta ni àìsàn náà ń pa.

Ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù afẹ́ ti dí. Ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg bẹ̀rẹ̀ ní 1990, ogun abẹ́lé Algeria tẹ̀ lé e ní 1992, àlàáfíà díẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ni ìjínigbé dé. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n jí arìnrìn-àjò afẹ́ mẹ́rin gbé ní ẹ̀bá ààlà Mali àti Niger nígbà tí wọ́n ń ti ibi ayẹyẹ kan bọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó tí ń wá wo igi Ténéré ti ṣọ̀wọ́n.

Àwọn èrò mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ìgbà kan kúrò lọ́rùn wọn. Láti ayé lọ́rì onígi ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń gba Parakou àti Malanville sọdá Odò Ọya sí Gaya, tí wọ́n ń dé Dosso àti Niamey. Wọn kò gbé àpótí oògùn, wọn kò sì ní ìwé adójútòfò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ibà kì í ṣe ẹjọ́ àwọn, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Èyí ní òótọ́ díẹ̀ nínú fún ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ ní ọdọọdún. Fún ẹni tí ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá, ara rẹ̀ ti gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń gbé ibà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ kì í ṣe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n lọ kí ẹbí nílé ni.

Bí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ bá ṣàìsàn ní Niamey, ọkọ̀ rẹ̀ náà kì í dúró dè é. Awakọ̀ yóò gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ ní gáréèjì, yóò sì béèrè bóyá ó ní ará ìlú rẹ̀ nínú ọjà. Ó sábà máa ń ní. Ẹni yẹn yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ wá pẹ̀lú omi àti aṣọ ìbora, yóò sì sọ èdè Zarma tàbí Hausa fún un nílé ìwòsàn. Níbẹ̀, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ìbéèrè dókítà ni ìlú tí ó ti sùn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.